Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Di Ajá

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì ní dúró kó rọ̀ kí n tó kọ ọ́. Àwọn kan ti ń sọ ìtàn náà kiri Ìlaro bí ẹni ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àgbàdo ìyá mi ló wà nídìí ẹ̀rín náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ sì ni àgbàdo ìyá mi.

Habeebah Bàrúwà ni orúkọ mi. Ẹnjiníà ni mí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa ṣe ẹsẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ Ẹnjiníà Adéjùmọ̀ ní Ìlaro la ti ń ṣe é, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó kòkó sí nígbà kan. Ẹ̀rọ tí à ń ṣe ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó ga ju ewúrẹ́ lọ díẹ̀, ó ní kámẹ́rà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́jú kó lè gbẹ́rù. Ọ̀gá wa fẹ́ tà á fún àwọn tó ń wa òkúta àti àwọn tó ń ṣọ́ páìpù epo, ibi tí táyà kò ti lè ṣe nǹkan kan. Èmi ní tèmi, ìyá mi ni mo ní lọ́kàn.

Hùmúàní ni ìyá mi, Ẹ̀gùá ló sì ń gbé. Oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà lódìkejì odò, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Kì í ṣe pé bàbá mi lọ ra oko sílẹ̀ òkèèrè. Òyìnbó ló fa ìlà sáàárín ilé àti oko, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè. Láti ìgbà náà, ilé wà ní Nàìjíríà, oko wà ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn èèyàn wa sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó bá wà lójú ọ̀nà á kí wọn kú iṣẹ́ oko, wọ́n á sì fún un ní àgbàdo kó rí nǹkan sun jẹ.

Ọ̀nà oko yẹn burú. Amọ̀ ni, gbòǹgbò igi dábùú rẹ̀, bèbè odò sì ga débi pé ọ̀kadà kì í dé ibẹ̀. Ọ̀gá ló ní ká lọ máa dán ẹ̀rọ wò níbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó bá lè rin ọ̀nà oko ìyá mi, kò síbi tí kò ní rìn. Ó ṣubú títí ó fi sú wa. Ó ṣubú sódò, ó ṣubú sínú ẹ̀gún, mọ́tò orúnkún rẹ̀ jóná, mo tú u, mo tún un ṣe, ó tún jóná. A gé táyà ọkọ̀ fi ṣe bàtà fún un kó má bàa máa yọ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi ni ọ̀gá máa ń jókòó sí. Àgbàdo sísun àti àgbọn ni ìyá mi máa ń gbé fún un, á jẹ ẹ́ tán, á pọ́n ọwọ́ lá, á ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí nígbà tóun wà lókè òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àgbàdo yẹn.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ gun bèbè odò láì ṣubú, inú wa dùn débi pé a ò wo iwájú. Suliat, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti ìyá mi, ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ata lórí. Ẹ̀rọ náà kò yà. Ó gbá a lẹ́sẹ̀, ata sì dà sínú ẹrẹ̀. Ìyá mi bá wa ṣa ata náà. Ìgbà tó ṣà á tán ló wo èmi àti ọ̀gá mi.

"Ẹ kọ́ ọ ní ìrìn," ó ní, "ẹ ò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé."

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà oko wa lè má mọ ohun tó ń sọ. Ní tiwa, ẹlẹ́rù ló lọ̀nà. Bí o kò bá ru nǹkan kan, inú igbó ni wàá yà sí kó kọjá, bó o tilẹ̀ jẹ́ ìmáàmù. Bí ẹlẹ́rù bá ní "sọ̀ mí", wàá bá a gbé ẹrù náà kalẹ̀. Bó bá ní "gbé e rù mí", wàá bẹ̀rẹ̀, wàá gbé e lé e lórí. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún kì í kọ̀. Mo ti rí àwọn orogún méjì tí wọn kì í kí ara wọn, tí ọ̀kan gbé ẹrù ru èkejì lẹ́bàá odò, tí wọ́n sì tún gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kálukú ń bá tirẹ̀ lọ.

Mo bá kọ́ ẹ̀rọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Iṣẹ́ yẹn pẹ́ lọ́wọ́ mi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo kọ́ kámẹ́rà rẹ̀ láti dá ẹni tó gbé nǹkan sórí mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí orí rẹ̀ ṣófo. Tó bá ti rí ẹlẹ́rù, á yà sínú koríko, á dúró. Bí ẹlẹ́rù náà bá ní "sọ̀ mí", á kúnlẹ̀ kó lè gbé ẹrù lé e lẹ́yìn, á dìde, á sì tẹ̀ lé e délé. Ohùn ìyá mi ni mo fi kọ́ ọ. Ìyá mi sọ ọ́ ní Kẹ́tẹ́, ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kì í tàpá ni. Fún ìgbà díẹ̀, ọrùn rẹ̀ sinmi.

Nígbà tó di ọdún 2019, ìjọba ti bọ́dà pa. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ni. Ìyá mi kò gbin ìrẹsì rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá ti kọjá odò wá di fàyàwọ́, ìbáà ṣe àgbàdo tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ikọ̀ ẹ̀ṣọ́ tuntun kan dé, wọ́n ń jẹ́ Ikọ̀ Ojú-Ọ̀nà Igbó, wọ́n pàgọ́ sí pápá kan lẹ́yìn ọjà Ẹ̀gùá. Wọ́n gba ata Suliat pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Ẹni tí wọn kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fi ìkórè sílẹ̀ lóko kó jẹrà. Ọkọ̀ ńlá ṣì ń kọjá lójú títì, gbogbo ìlú ń rí wọn, kò sẹ́ni tó lé wọn wọgbó. Èyí tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ọ̀nà tí obìnrin ń fi orí ru ẹrù nìkan ni ojú ìjọba mú sí.

Àwọn tó ń wa òkúta kò gbé ìpè ọ̀gá mi mọ́ lákòókò yẹn, nǹkan sì le fún ilé-iṣẹ́ wa. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ọkọ̀ Kọmándà Ìbítóyè, olórí ikọ̀ yẹn, níwájú ilé-iṣẹ́ wa, mo fi irin iṣẹ́ sílẹ̀, mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn tó lọ, ọ̀gá pè mí. Ó ní wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa rin igbó fún wọn, tí yóò máa lé àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ sọdá. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá mi yọ̀.

"Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Habeebah," ó ní. "Ìwọ náà lo ṣe é. Ó ti mọ ẹlẹ́rù. Kó máa lé e ló kù."

Ohun tí mo fi sí i kó lè bọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́rù ni wọ́n fẹ́ fi dọdẹ ẹlẹ́rù. Mo ní, "Ẹ ti jẹ nínú àgbàdo yẹn, sà." Ó ní òwò yàtọ̀ sí ẹbí. Mo ní mi ò ṣe. Ó ní Fikáyọ̀mi yóò ṣe é.

Fikáyọ̀mi ṣe é. Àbúrò wa níbi iṣẹ́ ni, Olúwafikáyọ̀mi ni wọ́n sọ ọ́, ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, kì í sì í bi ẹnikẹ́ni pé ta ni a fẹ́ lo iṣẹ́ rẹ̀ lé lórí. Ó fi fèrè tó ń ké bíi ti ọkọ̀ ọlọ́pàá sí i lọ́rùn. Ó ní tó bá ti rí ẹlẹ́rù, kó máa tẹ̀ lé e, kó máa fọn fèrè, kó má sì fi í sílẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbìyànjú láti yọ yíyà-sígbó-fún-ẹlẹ́rù tí mo kọ́ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá yọ ọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣubú, ó bá fi í sílẹ̀. Ti "sọ̀ mí", ó gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ní Ìlaro, orí tábìlì là ń gbé ẹrù kà, ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́?

Ẹ ó bi mí ìdí tí mi ò fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá lọ, mi ò ní mọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbé e gbà. Bí mo sì ṣe rò ó ló rí. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà kì í ti í ṣubú mọ́ ni wọ́n mú láti fi í han àwọn àgbà ìjọba, ọ̀nà oko ìyá mi, ní Ọjọ́bọ̀. Mo pe ìyá mi. Mo ní kó má lọ sóko lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òjò ti ń wọ ahéré, àgbàdo òun sì ti ń hù nínú àpò. Oúnjẹ ọdún kan ni, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Suliat àti Àṣìkẹ́, aládùúgbò wọn kan, ti gbà láti bá òun rù ú, nítorí òun náà ti bá wọn ṣe tiwọn. Mo ní wọ́n máa gbà á. Ó ní oko ọkọ òun lòun ń lọ, kí n sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ta kánópì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tí ọ̀nà oko ti jáde síta. Àlejò pàtàkì kan wá láti Abẹ́òkúta, Kọmándà jókòó tì í, ọ̀gá mi wọ ẹ̀wù tó ti fi sítáàṣì sí, ó ń kí gbogbo èèyàn bí ọkọ ìyàwó. Àwọn ará ìlú dúró lókèèrè. Fikáyọ̀mi tan ẹ̀rọ náà, ó gbé ẹsẹ̀, ó wọgbó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi dúró síbẹ̀, mo ń gbàdúrà pé kí mọ́tò orúnkún tí mo fọwọ́ ara mi ṣe jóná.

Kò jóná. Ó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ fèrè nínú igbó. Kọmándà rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ múra. Fèrè náà ń súnmọ́ wa díẹ̀díẹ̀, kò sì dún bí ohun tó ń sáré. Nígbà tí ewé là, ìyá mi ló kọ́kọ́ yọ. Orí rẹ̀ ṣófo. Ó ń fọwọ́ méjèèjì yí ìró rẹ̀ le bí ẹni tó ń ti ọjà dé. Kẹ́tẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, àpò àgbàdo wà lẹ́yìn Kẹ́tẹ́, fèrè ń ké tantan. Suliat àti Àṣìkẹ́ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àpò tiwọn lórí.

Àwọn ará ìlú bú sẹ́rìn-ín. Nínú wọn, ẹnì kan bèèrè bóyá wọn ó gba Kẹ́tẹ́ náà, nítorí òfin ní kí wọ́n máa gba ọkọ̀ tó bá gbé fàyàwọ́. Àlejò Abẹ́òkúta bi Kọmándà pé ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Kọmándà yíjú sí ọ̀gá mi, ọ̀gá mi sì yíjú sí mi. Fikáyọ̀mi tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn Kẹ́tẹ́, fèrè dákẹ́. Wọ́n kó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí ìyá mi àtàwọn tó bá a ru ẹrù jókòó sílẹ̀ nídìí máńgòrò, sílẹ̀ báyìí, bí ẹni tó jalè. Ìyá mi fi ọjọ́ orí ju ẹni tó ń pàṣẹ fún un lọ dáadáa.

Ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n yọ ohun tó ń mú Kẹ́tẹ́ kúnlẹ̀ yẹn kúrò, nísinsìnyí, kí wọ́n tó jẹun tán, kó lè tún fi í hàn wọ́n. Mo ní mi ò yọ ọ́. Ó ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́ lọ́la. Mo ní àti òní ni mi ò ti sí níbẹ̀. Ó pe Fikáyọ̀mi, Fikáyọ̀mi gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún, ó wá a, ó rí i. Mo dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ mo ń wò ó bó ṣe ń pa á rẹ́. Iṣẹ́ tí mo fi ohùn ìyá mi ṣe. Ó pa á rẹ́ bí ẹni nu tábìlì, ó tún tan ẹ̀rọ náà, ó ní ó ti tán. Ọ̀gá lọ sọ fún Kọmándà pé ẹ̀rọ náà ti gbọ́n, pé kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kọmándà ní kí wọ́n jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, ní títàn, àwọn ń bọ̀.

Oúnjẹ dé fún àwọn àgbà. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni mo rí ẹ̀ṣọ́ méjì tó lọ sídìí ọkọ̀. Wọ́n wòtún wòsì. Ọ̀kan gbé àpò àgbàdo ìyá mi lé orí, èkejì gbé òmíràn, wọ́n gba ẹ̀yìn kánópì, wọ́n forí lé ọ̀nà ọjà. Mo wo Kẹ́tẹ́. Kámẹ́rà rẹ̀ ti yí sọ́dọ̀ wọn. Mo lè sọ̀rọ̀. Mo pa ẹnu mi mọ́, mo sì mọ ìdí tí mo fi pa á mọ́.

Ẹ̀rọ náà yà fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n kọjá tán, ó tẹ̀ lé wọn, ó sì figbe ta.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kọ́kọ́ rò pé fèrè náà ń ké nítorí ẹlòmíràn. Nígbà tó yé wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kẹ́tẹ́ náà sáré. Ọ̀nà ọjà tẹ́jú ju ọ̀nà oko lọ, mi ò rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Wọn ò lè ju àpò sílẹ̀, nítorí wọ́n bẹ̀rù ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Gbogbo ọjà dìde. Èmi, ìyá mi, Suliat, Àṣìkẹ́, àtàwọn ará ìlú, gbogbo wa ń tẹ̀ lé fèrè lọ, ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó dá wa dúró náà ń bá wa sáré. Kọmándà pariwo kí wọ́n pa nǹkan yẹn, Fikáyọ̀mi ń tẹ rìmóòtù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ pé bọ́tìnnì ẹ̀yìn nìkan ló lè pa á.

Ilé kan tó ní géètì dúdú lẹ́bàá ọjà ni wọ́n sá wọ̀. Kẹ́tẹ́ wọlé tẹ̀ lé wọn, ó dúró síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ké. Àlejò Abẹ́òkúta dé, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó bi ẹ̀ṣọ́ kan pé ilé ta ni. Ẹ̀ṣọ́ náà wolẹ̀.

"Ilé Kọmándà ni, sà."

Gbogbo wa rí ohun tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Àpò lórí àpò, kẹ́ẹ̀gì epo, gàrí, ẹ̀wà. Suliat rí agbọ̀n rẹ̀, ó dá a mọ̀ nípasẹ̀ aṣọ pupa tó so mọ́ ọn létí. Ata inú rẹ̀ ti gbẹ. Ó gbé e, ó gbé e mọ́ àyà.

Ìyá mi gba àárín wọn kọjá lọ sídìí àpò tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ó tú òṣùká kúrò ní ìdí ìró rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí. Suliat fẹ́ lọ ràn án lọ́wọ́, ìyá mi na ọwọ́ sí i kó dúró. Ó wá kọjú sí Kọmándà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu géètì, tí òógùn bo ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "gbé e rù mí."

Ọmọ Yorùbá ni Kọmándà. Ó wo àlejò rẹ̀, àlejò rẹ̀ ò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó wo èrò. Ó wo ìyá mi, tí òṣùká wà lórí rẹ̀, tó dúró, tí kò bẹ̀bẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó di àpò náà mú, bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ kan já, ó gbé e lé ìyá mi lórí. Ó sì tún un ṣe kó má bàa ṣubú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìyá tirẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri Ìlaro pé a rẹ́rìn-ín, wọn ò sí níbẹ̀.

Ìyá mi jáde. Kẹ́tẹ́ rí i pé ó ti di ẹlẹ́rù, ó yà fún un, ó sì tẹ̀ lé e, fèrè kò dákẹ́. Mo lè tẹ bọ́tìnnì náà, ṣùgbọ́n ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀ kí wọ́n gbọ́. Ó rọra rìn gba àárín ọjà, ó rìn kọjá iwájú mọ́ṣáláṣí, títí a fi dé ilé. Ní ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ọrùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó yíjú sí ẹ̀rọ náà.

"Kẹ́tẹ́, sọ̀ mí."

Ó wò ó. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń pariwo lé ìyá mi lórí.

Ìyá mi tún un sọ, lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé bóyá kò gbọ́ tàkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó wò mí, mo sì lọ tẹ bọ́tìnnì, mo padà wá, èmi ni mo sọ̀ ọ́.